Ìjọba Kékeré, Agbára Ààbò Ńlá: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Jù l'Ágbádárìgì

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá délẹ̀ láàárín wa, nítorí náà a kó wọn jọ síbí. Ẹ lọ tààrà síbi tó bá kàn yín.

Kí là ń pè ní ìjọba kékeré?

Èrò òṣèlú kan ni, ó sì gbilẹ̀ jù l'Amẹ́ríkà, pàápàá nínú ẹgbẹ́ Republican. Wọ́n ní kí ìjọba gba owó orí díẹ̀, kí ó ná díẹ̀, kí ó má fi òfin há oníṣòwò mọ́, kí ó sì fi ohun tí ìdílé, ìjọ àti àdúgbò bá lè ṣe sílẹ̀ fún wọn. Ìdí wọn ni pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nípò. Agbára tí ẹ bá kó lé e lọ́wọ́, yóò lò ó, lọ́jọ́ kan yóò sì ṣì í lò.

Wọn ò sọ pé kí ìjọba má sí o. Gbogbo wọn gbà pé kí ìjọba lé ọ̀tá sẹ́yìn bodè, kí ó mú ọ̀daràn, kí ó sì dá ẹjọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé lílé ọ̀tá àti mímú ọ̀daràn lè gbòòrò títí wọn yóò fi gbé gbogbo ìyókù mì.

Agbára ààbò wo lẹ ń sọ?

Agbára láti ti èèyàn mọ́lé kó tó fojú kan adájọ́, láti tẹ́tí sí ìpè àti láti ka àtẹ̀jíṣẹ́, láti ti bodè pa, láti dá mọ́tò dúró kí wọ́n tú ẹrù rẹ̀, láti kéde ìjọba pàjáwìrì, láti ná owó tí ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè rísíìtì rẹ̀. Kì í ṣe ìbọn nìkan. Àwọn tó le jù nínú wọn lóde òní, ẹni tó ń lò wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ sọ ọ́ tààrà: ṣé méjèèjì lè gbé pọ̀?

Wọ́n lè gbé pọ̀, ṣùgbọ́n lórí àdéhùn tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú kì í fẹ́ gbọ́. Adájọ́ tí kò sí lábẹ́ ẹni tó ń tọrọ àṣẹ gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá. Ọjọ́ tí agbára náà máa parí gbọ́dọ̀ ti wà nínú òfin látìbẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn sí aṣòfin. Bí gbogbo èyí bá wà, ẹni tó fẹ́ ìjọba kékeré lè fọwọ́ sí i láìtan ara rẹ̀ jẹ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìjọba ńlá náà ni, kákí ló kàn wọ̀.

Báwo ni àwọn tó kórìíra ìjọba ńlá l'Amẹ́ríkà ṣe wá fẹ́ràn ológun ńlá?

Rọ́ṣíà ló fà á. Kí ẹ̀rù rẹ̀ tó mú wọn, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà Republican kò fẹ́ kí ọwọ́ orílẹ̀-èdè wọn gùn jù lókè òkun. Sẹ́nátọ̀ Robert Taft dìbò lòdì sí àdéhùn NATO ní 1949 nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní 1952, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ William F. Buckley kọ ọ́ pé nítorí ewu Kọ́múníìsì, àwọn tó kórìíra ìjọba ńlá gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn fúngbà díẹ̀, tòun ti owó orí rẹ̀ àti ọmọ ogun rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, òun ló sì wá di ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ìjọba Soviet kò wó títí di 1991. Ìgbà díẹ̀ tó gba nǹkan bí ogójì ọdún nìyẹn.

Ronald Reagan ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù. Lọ́jọ́ tó gorí oyè ní January 1981, ó sọ fún ayé pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. Ní December ọdún yẹn kan náà, ó bu ọwọ́ lu àṣẹ 12333, tó di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà títí dòní. Èmi ò rò pé alábòsí ni. Lójú rẹ̀, ìjọba tó ń yẹ ìwé oníṣòwò wò yàtọ̀ sí ìjọba tó ń ṣọ́ Moscow. Ohun tí kò rí, tàbí tí kò fẹ́ rí, ni pé irú òṣìṣẹ́ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, irú èèyàn kan náà tó máa ń fẹ́ kí ọ́fíìsì òun tóbi sí i.

Ológun ló kìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn. Dwight Eisenhower, ọ̀gágun tó di ààrẹ lábẹ́ Republican, sọ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ ní 17 January 1961 pé kí wọ́n ṣọ́ àjọṣe àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rọ ohun ìjà.

Kí ló yí padà lẹ́yìn September 11?

Ìyára ni. Ìkọlù náà ṣẹlẹ̀ ní 11 September 2001, nígbà tó fi máa di 26 October, Ààrẹ George W. Bush ti bu ọwọ́ lu òfin Patriot Act, tó fi kún agbára ìjọba láti ṣọ́ èèyàn. Ilé aṣòfin kékeré fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbò 357 sí 66, ilé aṣòfin àgbà pẹ̀lú 98 sí 1. Ẹni kan ṣoṣo tó kọ̀ nílé àgbà, Russ Feingold, Democrat ni. Nínú ilé kékeré, Republican mẹ́ta péré ló sọ pé rárá: Ron Paul, Butch Otter àti Bob Ney. Ẹ fi ìyẹn wé iye àwọn tó ń fẹnu sọ ìjọba kékeré nígbà ìpolongo.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣòfin tó dá ilé iṣẹ́ ààbò abẹ́lé sílẹ̀, tí wọ́n pa àjọ 22 pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ẹgbẹ́ tó ní ìjọba ti sanra jù ló bí ọmọ náà, ọmọ náà kò sì tíì dẹ́kun àtisanra.

Kí ni FISA tí wọn kì í yé jà lé lórí?

Òfin Amẹ́ríkà ti 1978 lórí ṣíṣọ́ àwọn amí ilẹ̀ òkèèrè ni. Ìgbìmọ̀ Sẹ́nátọ̀ Frank Church ló tú àṣírí síta pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń ṣọ́ àwọn ará ìlú wọn tí kò ṣẹ̀, títí kan Martin Luther King. Wọ́n wá dá ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ níbi tí ìjọba ti gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó ṣọ́ ẹni tó bá fura sí pé ó ń ṣe amí. Ìkọ̀kọ̀ ni ilé-ẹjọ́ náà ń jókòó, ẹni tí wọ́n ń rojọ́ rẹ̀ kì í sì í sí níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kò tilẹ̀ mọ̀ rárá.

Ní June 2013, Edward Snowden, tó ti bá àjọ amí Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹ̀ka kan nínú Patriot Act gba àkọsílẹ̀ ìpè fóònù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ará Amẹ́ríkà: ta ló pe ta, ìgbà wo, fún ìṣẹ́jú mélòó. Ní May 2015, Sẹ́nátọ̀ Rand Paul, ọmọ Ron Paul, dìde dúró sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́wàá láti takò ó. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣòfin tó fòpin sí kíkó àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn jọ lápapọ̀.

Ohun tó wá yí ọkàn àwọn Republican yòókù padà kì í ṣe Snowden. Ọ̀rọ̀ Carter Page ni, ẹni tó bá ìpolongo Donald Trump ṣiṣẹ́ ní 2016. Olùyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ìdájọ́ sọ ní December 2019 pé àṣìṣe àti ìfọ̀rọ̀pamọ́ ńlá 17 ló wà nínú ìwé tí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ abẹ́lé Amẹ́ríkà, fi tọrọ àṣẹ láti ṣọ́ ọ. Àwọn tó ti ń sùn láti 2001 jí lójijì. Ìgbà tó kan ọmọ ilé tiwọn ni wọ́n mọ̀ pé ọ̀pá náà ń dunni. Ní 12 April 2024, ilé aṣòfin kékeré dìbò bóyá kí FBI máa gba ìwé àṣẹ kó tó wá orúkọ ará Amẹ́ríkà nínú ohun tí wọ́n kó jọ lábẹ́ ẹ̀ka 702 òfin FISA, èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn àjèjì tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Ó di 212 sí 212. Ní ilé yẹn, ìbò tó bá dọ́gba ti kùnà, ibẹ̀ ni àbá náà kú sí. Àwọn méjì tó ń bínú síra wọn nínú ohun gbogbo, Republican aláìgbagbẹ̀rẹ́ àti Democrat tó ń jà fún ẹ̀tọ́, jọ wà lápá kan náà lọ́jọ́ yẹn.

Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni?

Rárá. Ní June 2008, ìjọba Labour nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ọlọ́pàá lè ti ẹni tí wọ́n fura sí pé ó jẹ́ agbésùnmọ̀mí mọ́lé fún ọjọ́ 42 láì fi ẹ̀sùn kan án. David Davis, àgbà nínú ẹgbẹ́ Conservative, kọ̀wé fi ipò aṣòfin sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ó tún padà lọ dupò náà, ó sì wọlé. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba pẹ̀lú àwọn alájọṣe wọn ní 2010, káàdì ìdánimọ̀ tí Labour ti ń pín wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pa rẹ́. Ẹgbẹ́ Conservative yìí kan náà ló tún ṣòfin ṣíṣọ́ni tó gbòòrò ní 2016. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "àwọn Conservative gbà báyìí" tàbí "wọn ò gbà bẹ́ẹ̀", ẹ bi í pé ti ọdún wo.

Kí ló kan Àgbádárìgì nínú gbogbo èyí?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ta ìrẹsì, tòlótòló, aṣọ òkìrìkà tàbí mọ́tò tokunbọ̀ láàárín Mowo àti Sẹ̀mẹ̀. Ní 20 August 2019, ìjọba àpapọ̀ ti bodè ilẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù, imigiréṣọ̀n, ọlọ́pàá àti sójà ni wọ́n kó jọ fún iṣẹ́ náà, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò ló sì ń darí wọn. Wọ́n ní nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì ni, wọ́n ní nítorí ohun ìjà ni, wọ́n ní nítorí epo bẹntiróòlù tó ń sá lọ sí Kútọnu ni. Ìdí mẹ́ta fún àgádágodo kan. December 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà.

Àṣẹ lásán ni. Kò sí aṣòfin tó jókòó dìbò sí i ṣáájú, kò sí adájọ́ tó fọwọ́ sí i, wọn ò sì sọ ọjọ́ tí yóò parí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò ju ọdún kan lọ tí Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ti Benin ti jọ ṣí ibùdó bodè àpapọ̀ tuntun ní Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké, ní October 2018, kí ọjà lè máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni ti epo. Ní November 2019, ọ̀gá àgbà kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ kí ẹ rí ibi tí kìlómítà 20 láti Sẹ̀mẹ̀ dé. Ọlọ́kadà tí kò lọ sí Kútọnu rí láyé rẹ̀, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ lọ ata, onímọ́tò tó ń ná Àgbárá, gbogbo wọn di afurasí nítorí ibi tí wọ́n kọ́lé sí. Bí ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ ìjọba ńlá, ẹ má lọ sí Washington.

Ṣé ẹ̀yin fẹ́ kí bodè wà ní gbayawu ni?

A ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìjọba kékeré lè fẹ́ bodè tó gbámúṣé. Àríyànjiyàn ibẹ̀ ni ẹni tó ń sanwó àṣejù náà. Kí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ dúró sí Sẹ̀mẹ̀ kó yẹ ẹrù wò lẹ́ẹ̀kan, kó fún oníṣòwò ní ìwé, kí ìwé yẹn sì tó láti gbé e dé Èkó, ìyẹn ààbò ni. Kí ẹ̀ṣọ́ oríṣi mẹ́rin tún máa dá ẹrù kan náà dúró láti ibẹ̀ dé Àgbárá, kí oníkálukú máa béèrè "ẹ ṣe wá dáadáa", owó orí ni. Kò sí aṣòfin tó bù ú lé wa.

Ẹni tí kò ṣe fàyàwọ́, tí kò jínigbé, kí ló ń bẹ̀rù?

Òun ni wọ́n ń bi wá jù. Ẹ wo SARS. Ní 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti kojú adigunjalè, gbogbo èèyàn sì yọ̀. Nígbà tó fi máa di 11 October 2020 tí ìjọba tú u ká, ọ̀dọ́ tó dirun, tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sẹ́yìn, ni wọ́n ń dá dúró lójú títì. Agbára náà kò yí padà, ẹni tí wọ́n ń wá ló yí padà. Kò sí ẹni tó mọ irú èèyàn tí wọ́n máa wá lọ́dún mẹ́wàá òní.

Ohun tí èèyàn ń fi pamọ́ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nìkan. Èsì àyẹ̀wò ọsibítù wà níbẹ̀, iye tí oníṣòwò ra ọjà rẹ̀, ẹni tí ẹ fẹ́ dìbò fún, ẹjọ́ tọkọtaya. Ìwé òfin 1999 gbà bẹ́ẹ̀: abala 37 ló dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ìpè fóònù wa. Ní December 2020 ni wọ́n pàṣẹ pé kí a so nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́ síìmù, wọ́n ní ajínigbé ni wọ́n fẹ́ fi mú. Ní April 2022 wọ́n dí ìpè àwọn tí kò tíì so ó. Mo mọ àwọn ìyá arúgbó tí kò lè pe ọmọ wọn nígbà yẹn. Àwọn ajínigbé ṣì ń fi fóònù béèrè owó ìtúsílẹ̀.

Bí wọ́n bá jí ọmọ yín gbé, ṣé ẹ ó máa wá ìwé adájọ́ kiri ni?

Màmá kan ló bi wá báyìí, kò sì fi ṣeré. Rárá, mà. Òfin tó dáa ti ronú sí ìyẹn. Lábẹ́ FISA, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìpè náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì lọ bá adájọ́ láàárín ọjọ́ méje. Ìlànà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù, ṣe ní 2019 fún gbígbọ́ ìpè nílẹ̀ wa náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé adájọ́ ló ń fa ìdádúró. Àwa tá a ti fẹjọ́ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá rí mọ ohun tó ń fà á: wọ́n ní kò sí epo nínú mọ́tò.

Kí ni òfin wa sọ nípa ìtìmọ́lé?

Abala 35 sọ pé bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti mú èèyàn, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí ilé-ẹjọ́ bá rí pé ó tọ́. Ilé-ẹjọ́ gíga wà nínú ìlú wa níbí. Ẹni tí wọ́n bá mú l'Ájàrá, tí wọ́n ní àwọn ò tíì rí ọ̀nà gbé e dé ilé-ẹjọ́, ẹ mọ ohun tí ẹ máa dá wọn lóhùn.

Abala 45 ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀. Ó ní òfin tó bá tọ́ nínú ìlú olóṣèlú àwa-ara-wa lè dín àwọn ẹ̀tọ́ kan kù nítorí ààbò, bíi ti abala 37. Lórí ìtìmọ́lé, òfin ìgbésùnmọ̀mí ti 2022 ní ilẹ̀kùn tirẹ̀: ilé-ẹjọ́ lè fún wọn láyè láti ti afurasí mọ́lé fún ọjọ́ 60, kí wọ́n sì tún un tọrọ. Ó kéré tán, adájọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu olùpẹ̀jọ́ nìkan ni adájọ́ náà ń gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá tọrọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti FISA.

Ṣé agbára pàjáwìrì máa ń padà síbi tó ti wá?

Nígbà míì. Ní May 1962, lẹ́yìn tí ìjà ṣẹlẹ̀ nílé aṣòfin Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì fi Dókítà Moses Majekodunmi ṣe alákòóso. Ó kàn wá o, torí pé Ìwọ̀ Oòrùn ni Àgbádárìgì wà títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí ọdún yẹn parí, pàjáwìrì parí lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn kò padà sípò mọ́, ẹ sì mọ bó ṣe jóná ní 1965. Ti Rivers, tí Ààrẹ Tinubu kéde ní March 2025, parí ní September bí wọ́n ṣe sọ. Oṣù mẹ́fà ni gómìnà àti aṣòfin tí aráàlú dìbò yàn fi jókòó sílé.

Èyí tí kò tètè padà ni Decree 2 ti 1984. Ìjọba Buhari ló ṣe é, kí wọ́n lè ti ẹni tí wọ́n bá kà sí ewu mọ́lé láì gbé e dé ilé-ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n lé Buhari ní August 1985, Babangida kò jó ìwé náà. Ó lò ó. Abacha lò ó. Buhari fúnra rẹ̀ wà ní àhámọ́ láìsí ẹjọ́ títí di 1988. 1999 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́, nígbà tí ológun ń múra àtilọ.

Ṣé àwọn baba wa ronú sí irú nǹkan báyìí?

Wọ́n ronú sí i ju bí a ṣe rò lọ. Wọn kì í jẹ́ kí Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun, bá Aláàfin gbé nínú Ọ̀yọ́. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ tó di idà mú kò yẹ kó sún mọ́ adé jù. Ibi tí òfin wọn ti já, ìtàn sọ ọ́: Baṣọ̀run Gáà, tó yẹ kó máa ká Aláàfin lọ́wọ́ kò, di ẹni tó ń pa Aláàfin jẹ, títí Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774.

Àfọ̀njá tún burú jù. Kakaǹfò ni, ó fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ó wá kó àwọn jagunjagun àjèjì jọ sí Ìlọrin láti gbèjà rẹ̀. Wọ́n gbèjà rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó fẹ́ tú wọn ká, àwọn ni wọ́n pa á, Ìlọrin sì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Nígbàkígbà tí gómìnà kan bá ń dá ẹ̀ṣọ́ tuntun sílẹ̀ tí èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ọkàn mi máa ń lọ sí Ìlọrin.

Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìyẹn ò bá ìjọba kékeré mu?

Lápá kan, ó bá a mu gan-an. Ẹni tó fẹ́ ìjọba kékeré gbà pé kí agbára wà nítòsí ẹni tó kàn, kí ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà oko máa ṣọ́ oko. Abala 214 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi pe Àmọ̀tẹ́kùn ní ohun tí kò bófin mu ní January 2020, kí àwọn ìpínlẹ̀ tó lọ ṣòfin tiwọn. L'Ékòó, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí òfin 2016 dá sílẹ̀ la ní.

Àwọn àgbà tó rántí akódà kì í tètè pàtẹ́wọ́. Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ni wọ́n, nítòsí ni wọ́n wà, àwọn olóṣèlú sì fi wọ́n na alátakò wọn nígbà ìjọba olóṣèlú àkọ́kọ́. Nítòsí nìkan kò tó. Bí gómìnà bá ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, tó ń san owó wọn, tó ń yan ẹni tó máa gbọ́ ẹ̀sùn wọn, Abuja kékeré lẹ kọ́ sí Alausa.

Èló ni ààbò ń ná wa?

Ẹ má bi mí, ẹ bi gómìnà. Owó kan wà tí wọ́n ń pè ní "security vote". Ìwé òfin kò mẹ́nu bà á, lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì sẹ́ni tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Transparency International, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé ó lé ní mílíọ̀nù 670 dọ́là lọ́dún káàkiri Nàìjíríà. Olóṣèlú tó bá ní òun fẹ́ dín ìnáwó ìjọba kù, tí kò sì fẹ́ kí ẹ mẹ́nu ba owó yìí, eré ló ń bá yín ṣe.

Ìjọba wa kò lágbára tó báyìí. Ẹ tún ní kí á dín in kù?

Ìbéèrè tó le nìyí, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Ní 5 June 2022, wọ́n pa èèyàn tó ju ogójì lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ Àìkú. Kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú àwọn òbí ibẹ̀ kó máa sọ pé ìjọba ti pọ̀ jù. Ará Amẹ́ríkà tó ń sọ ìjọba kékeré ní ọlọ́pàá tó ń dé bí wọ́n bá pè é. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ síbi tí àwa wà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí agbára wa wà. Ọlọ́pàá tí kò sí ní abúlé wà lẹ́yìn mọ́tò olówó, ó ń gbé báàgì ìyàwó rẹ̀. Àṣẹ pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀ ti jáde láìmọye ìgbà, Ààrẹ Tinubu tún pa á ní November 2025. Àìsàn méjì ló ń ṣe wá pọ̀: ìjọba kò sí níbi tí a ti ń wá a, ó sì dí wa lọ́nà níbi tí a ò ti pè é. Òfin tuntun tó fún wọn lágbára láti ti èèyàn mọ́lé pẹ́ sí i kì í gbé ọlọ́pàá dé Ọ̀wọ̀. Owó oṣù, epo, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó máa dá ọ̀gá tó bá kówó jẹ dúró ló lè gbé e débẹ̀. Bóyá ìyẹn á jẹ́ kí ìjọba kéré tàbí kó tóbi, mi ò bìkítà mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní ẹbí ní Pọ̀tọ̀-Nóvò. Bí mo bá pè wọ́n, òfin ta ló ń dáàbò bò mí?

Ọ̀pọ̀ ilé Ògù níbí ni ìbéèrè yìí kàn. Ìdílé kan náà ni, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn ní 1889. Nígbà tí ìpè yín ṣì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù Nàìjíríà, abala 37 ṣì ń bo yín. Bó bá ti kọjá bodè, òfin Benin ló wà lórí apá tọ̀hún.

Bó bá jẹ́ pé WhatsApp tàbí Gmail lẹ fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ń gbé e. Ẹ̀ka 702 tí wọ́n dìbò 212 sí 212 lé lórí, àwọn àjèjì tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà ló dìídì wà fún. Wọn kò nílò ìwé adájọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ìwé àṣẹ tí àwọn Republican aláìgbagbẹ̀rẹ́ ń jà fún, fún ará Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bọ́ sínú àwọ̀n náà ni. Nínú gbogbo àríyànjiyàn wọn lọ́jọ́ yẹn, kò sí àbá kankan nílẹ̀ tó fẹ́ kí adájọ́ dúró láàárín wọn àti ẹni tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ láti Àgbádárìgì sí Pọ̀tọ̀-Nóvò.